Kí A Tó Da Oko Orí Òkè Pọ̀, Ẹ Jẹ́ Ká Ro Ti Ilẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Bí òwe yìí ṣe bá ọ̀rọ̀ ilé mu, bẹ́ẹ̀ náà ló bá ọ̀rọ̀ oko mu. Àgbàrá kò ní òun kò ní kó ilẹ̀ oko lọ, àgbẹ̀ ni kò ní gbà fún un. Ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí àwọn baba wa fi ń dí àgbàrá lọ́wọ́ lórí òkè láti ọjọ́ pípẹ́ ni ààlà oko: pèrègún tí wọ́n gbìn sáàárín oko ẹbí méjì, òkúta tí wọ́n ṣà jọ, àti koríko etí oko tí ẹnikẹ́ni kì í ro. Ní báyìí tí ìjọba fẹ́ máa kó oko kéékèèké jọ di oko ńlá, àwọn ààlà wọ̀nyí ni katapílà yóò kọ́kọ́ hú. Ìdí nìyí tí a fi ní ká tètè sọ̀rọ̀ kó tó di pé ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlá. Ní oṣù Keje ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ní Nàìjíríà ti di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, ọ̀kan nínú ohun tí ìjọba rẹ̀ ní òun máa ṣe ni pé kí wọ́n lo 500,000 hẹ́kítà ilẹ̀ tí wọ́n ti wọ̀n sílẹ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá náà kò sùn. Wọ́n ń pe àwọn oníléeṣẹ́ ńlá pé kí wọ́n wá gba ilẹ̀, kí wọ́n wá gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ìrẹsì àti ọ̀pẹ. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ níbi ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ irú oko bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń sọ iye hẹ́kítà, wọ́n máa ń sọ iye ọ̀dọ́ tí yóò ríṣẹ́, wọ́n sì máa ń sọ iye owó tí yóò wọlé. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bí ilẹ̀ náà yóò ṣe rí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà pé ìdí wà tí wọ́n fi fẹ́ da ilẹ̀ pọ̀. Bí baba bá kú nílẹ̀ Yorùbá, àwọn ọmọ a pín oko. Bí àwọn ọmọ náà bá kú, àwọn ọmọ-ọmọ a tún un pín. Oko tó jẹ́ hẹ́kítà mẹ́rin láyé baba ńlá a wá di ègé mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, ọ̀kan lókè, ọ̀kan ní àfonífojì, òmíràn lódìkejì odò. Katakata kò lè yí nínú irú oko bẹ́ẹ̀. Báǹkì kò ní tìtorí rẹ̀ yá ènìyàn lówó. Ọ̀dọ́ tó kàwé jáde kò ní rí ohun tí yóò fi ibẹ̀ ṣe.

Yàtọ̀ sí èyí, ilẹ̀ tí wọ́n bá pín wẹ́wẹ́ kì í rí àyè sinmi. Nígbà tí ilẹ̀ ṣì pọ̀, àgbẹ̀ a dá oko sójú kan fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, a sì fi í sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Igbó a tún hù níbẹ̀, ewé a jábọ́, a jẹrà, ilẹ̀ a tún padà ní ọ̀rá. Lónìí, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ń gbin ẹ̀gẹ́ sórí ilẹ̀ kan náà lọ́dọọdún nítorí pé kò síbòmíràn tí wọ́n lè lọ. Ilẹ̀ ń gbó lọ́wọ́ àgbẹ̀ kékeré náà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí á fi oko sílẹ̀ bó ṣe wà kò tíì wo ọ̀rọ̀ náà délẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá ti rìnrìn àjò láti Òkèmẹ̀sí lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tó kọjá sí Ìkògosì, tàbí ẹni tó ti fẹsẹ̀ gun òkè Ìdànrè, yóò mọ ohun tí à ń wí. Orúkọ Èkìtì fúnra rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà sọ ni pé láti ara òkìtì ló ti wá. Lórí irú ilẹ̀ báyìí, ilẹ̀ dúdú tó ní ọ̀rá kò nípọn. Bí ènìyàn bá fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi kan taàrá tàbí yangí. Ilẹ̀ dúdú tó tín-ín-rín yẹn ni oúnjẹ irúgbìn wà. Inú rẹ̀ ni ewé jíjẹrà wà, inú rẹ̀ ni ekòló ń gbé, òun ló sì ń gba omi òjò dúró di ìgbà tí ọ̀dá bá dé. Bí òun bá lọ, oko ti lọ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ lójú.

Kí ni ààlà ń ṣe lórí irú òkè bẹ́ẹ̀? Omi òjò tó bá ń sáré bọ̀ láti òkè yóò pàdé pèrègún àti koríko, yóò fà sẹ́yìn díẹ̀, ilẹ̀ tó gbé dání yóò sì jókòó síbẹ̀. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, ilẹ̀ yóò máa ga sókè níwájú ààlà, títí yóò fi dà bí àtẹ̀gùn. Ẹni tó bá mọ oko àtijọ́ dáadáa yóò ti ṣàkíyèsí pé ilẹ̀ apá òkè ààlà máa ń ga ju ti apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Kò sí ẹnjiníà tó wá ṣe é. Ọwọ́ àgbẹ̀ àti ọwọ́ òjò ló jọ ṣe é láti ìran dé ìran.

Bí wọ́n bá wá hú ààlà mẹ́rin tó wà lórí òkè kan, wọ́n ti sọ ibi tí omi ń sá dé di gígùn nìyẹn. Ìṣirò kan wà tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́. Ó sọ pé lórí ibi tó dagẹ̀rẹ̀ dáadáa, bí gígùn ibi tí omi ń sáré gbà láìsí ìdíwọ́ bá di ìlọ́po mẹ́rin, ilẹ̀ tí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan ń pàdánù yóò di nǹkan bí ìlọ́po méjì. Ìyẹn ni pé oko mẹ́rin tí a dà pọ̀ lè pàdánù ilẹ̀ ní ìlọ́po méjì ohun tí oko mẹ́rin náà ń pàdánù nígbà tí ààlà wà láàárín wọn. Òjò kò pọ̀ sí i, òkè kò sì ga sí i. Ààlà nìkan ló kúrò.

Kì í sì í ṣe òjò nìkan. Katakata tó ń túlẹ̀ lórí òkè náà ń gbé ilẹ̀. Bó bá ti ń yí ilẹ̀ padà, ilẹ̀ a máa ṣubú sí ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ pé láti òkè wá sísàlẹ̀ ló ti ń túlẹ̀. Orí òkè a máa fẹ́lẹ́ sí i lọ́dọọdún, ẹsẹ̀ òkè a máa nípọn sí i. Nígbà tí ààlà wà, ilẹ̀ tó ṣubú a dúró síbi ààlà. Bí kò bá sí ààlà mọ́, ó di àfonífojì.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí le ni pé ìbàjẹ́ náà kì í yá. Ọdún kìíní tí wọ́n bá ṣí oko ńlá, àgbàdo a máa ṣe dáadáa. Eérú igbó tí wọ́n sun wà nílẹ̀, ewé tó ti jẹrà láti ọdún púpọ̀ sẹ́yìn wà nínú ilẹ̀, títú tí wọ́n tú ilẹ̀ sì mú kí gbogbo rẹ̀ tètè di oúnjẹ fún irúgbìn. Ayọ̀ a pọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba a wá ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n ó dà bí oníṣòwò tó ń jẹ ojú owó. Oúnjẹ tí irúgbìn jẹ lọ́dún náà, èyí tí igbó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó pamọ́ ni.

Bó bá fi máa tó ọdún bíi mẹ́ta sí márùn-ún, ilẹ̀ ti ń le. Ẹsẹ̀ katakata ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, omi kò tètè wọlé mọ́, àwọn ojú àgbàrá kéékèèké ti ń fara hàn láàárín ebè. Ekòló ti dínkù. Àgbẹ̀ a wá ra ajílẹ̀ òyìnbó kún un, àgbàdo a sì tún gbérí. Ṣùgbọ́n àgbàrá ń gbé lára ajílẹ̀ náà lọ, irú àwọn ajílẹ̀ kan sì máa ń mú kí ilẹ̀ kan bí a bá ń lò wọ́n lọ́dọọdún láìfi nǹkan mìíràn kún un. Nígbà tó bá fi máa tó ọdún mẹ́wàá sí i, a ó máa rí àwọn ojú ibi pupa káàkiri orí òkè, níbi tí yangí ti yọjú. Àgbàdo ibẹ̀ a pọ́n bí ẹni tí àìsàn ń ṣe. Ilẹ̀ dúdú ti wà nínú àkùrọ̀ àti nínú odò nísàlẹ̀, níbi tó ti ń dí ọ̀nà omi. Ní àkókò yìí, ẹni tó yá ilẹ̀ lè ti kó ẹrù rẹ̀ lọ.

A kò sọ èyí láti fi dẹ́rù bani. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nílé níbí, ní Ìbàdàn. Ní àwọn ọdún 1970, ní ilé ìwádìí ètò ọ̀gbìn tí gbogbo ayé mọ̀ sí IITA, onímọ̀ ilẹ̀ kan, Rattan Lal, ṣe oríṣiríṣi oko ìdánwò sórí ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀n tó yàtọ̀ síra. Ó fi àwọn kan sílẹ̀ ní ìhòòhò, ó fi koríko gbígbẹ bo àwọn mìíràn. Ohun tó rí ni pé koríko tó tó tọ́ọ̀nù mẹ́rin sí mẹ́fà lórí hẹ́kítà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìṣànlọ ilẹ̀ dúró pátápátá, àní lórí ilẹ̀ tó dagẹ̀rẹ̀ jù nínú wọn. Ìhòòhò ilẹ̀ ló ń pa ilẹ̀. Ọkùnrin yìí kan náà ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní World Food Prize lọ́dún 2020, iṣẹ́ tó ṣe láàárín wa sì wà lára ohun tó gbé e débẹ̀.

Ìwádìí rẹ̀ mìíràn kan ọ̀rọ̀ tiwa gbọ̀ngbọ̀n. Ó fi oríṣiríṣi ọ̀nà tí a ń gbà ṣán igbó wé ara wọn. Níbi tí wọ́n ti fi àdá àti àáké ṣán igbó, tí wọ́n sì gbin nǹkan láìtúlẹ̀, ilẹ̀ tó ṣàn lọ kò tó ìdajì tọ́ọ̀nù kan lórí hẹ́kítà. Níbi tí ẹ̀rọ ńlá ti wó igi tó sì hú gbòǹgbò, tí wọ́n wá tún túlẹ̀, èyí tó ṣàn lọ sún mọ́ 20 tọ́ọ̀nù. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ilẹ̀ tó nípọn tó mílímítà kan péré lórí hẹ́kítà kan jẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 13. Bí oko kan bá ń pàdánù 20 tọ́ọ̀nù lọ́dọọdún, yóò pàdánù mílímítà kan àbọ̀ lọ́dún. Lọ́dún mẹ́wàá, ó di mílímítà 15, ìyẹn nǹkan bí ìbú ìka kan. Lójú, kò jọ nǹkan. Ṣùgbọ́n níbi tí ilẹ̀ dúdú kò ti ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ, ta ló lè fi ìbú ìka kan tọrẹ lọ́dún mẹ́wàá mẹ́wàá?

Àwọn tó ti ṣe é ṣáájú wa náà ní ìtàn láti sọ. Nílẹ̀ Faransé, lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ìjọba da oko àwọn àgbẹ̀ pọ̀ káàkiri. Ní agbègbè Brittany, wọ́n hú ògiri ilẹ̀ àti igi tí àwọn baba ńlá wọn fi ṣe ààlà oko, kí katakata lè ráyè. Oúnjẹ pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi òjò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ilẹ̀ oko wọ inú odò. Láti ọdún 2007, owó ìjọba ni wọ́n tún ń ná níbẹ̀ láti máa gbin irú àwọn igi ààlà bẹ́ẹ̀ padà. Owó kan ni wọ́n fi hú u, òmíràn ni wọ́n fi ń gbìn ín.

Ní Jámánì, ìtàn ti òkè Kaiserstuhl tún jọ ti Èkìtì jù. Àwọn tó ń gbin àjàrà níbẹ̀ ti fi ọwọ́ gbẹ́ òkè náà sí ìpele kéékèèké bí àtẹ̀gùn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, wọ́n fi katapílà sọ ìpele kéékèèké di ìpele ńlá, wọ́n sì mú kí òmíràn dagẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn, kí omi má baà sáré wálẹ̀. Ọgbọ́n náà dára lójú. Ṣùgbọ́n òtútù kóra jọ sórí ìpele náà, ó ń pa àjàrà, omi tí kò ríbi ṣàn gbà sì ń wọ inú òkè lọ. Nígbà tí òjò ńlá rọ̀ lọ́dún 1983, ọ̀pọ̀ ẹ̀gbẹ́ ìpele náà ya lulẹ̀. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé ìpele nìkan kò tó. Ẹni tó bá ń ṣe ìpele gbọ́dọ̀ mọ ibi tí omi yóò gbà jáde.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù lọ wà ní Áfíríkà níbí, ní orílẹ̀-èdè Rùwáńdà, tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ ẹgbẹ̀rún òkè. Àwọn ènìyàn pọ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ni ilẹ̀ wọn kò sì tó hẹ́kítà kan. Láti nǹkan bí ọdún 2007, ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ní kí àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn jẹ́ aládùúgbò máa gbin irúgbìn kan náà pa pọ̀: àgbàdo, àlìkámà, ìrẹsì, ẹ̀wà, ọ̀dùnkún òyìnbó tàbí ẹ̀gẹ́. Wọn kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, orúkọ kálukú ṣì wà nínú ìwé. Ìjọba wá fi ajílẹ̀ àti irúgbìn olówó pọ́ọ́kú ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n sì gbẹ́ ọ̀pọ̀ òkè sí ìpele bí àtẹ̀gùn.

Ohun rere jáde nínú rẹ̀. Àgbàdo àti àlìkámà tí wọ́n ń kórè pọ̀ sí i, ibi tí ìpele náà sì ti dúró dáadáa, ilẹ̀ tí ń ṣàn lọ dínkù gan-an. Òkè kan tí ẹni ogún ní, ẹnì kan nínú wọn kò lè dá gbẹ́ ìpele sí i, nítorí ìpele kò mọ ààlà ẹbí. Àfi kí wọ́n jọ ṣe é. Níbi tí a bá ti jọ gbà, ìdàpọ̀ lè gba ilẹ̀ là. Kí a sọ òótọ́ yìí láìfi igbá kan bọ̀kan nínú.

Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí ohun tí wọn kò rò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá gbẹ́ òkè sí ìpele láìkọ́kọ́ kó ilẹ̀ dúdú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ilẹ̀ dúdú a bọ́ sí abẹ́, ilẹ̀ pupa tó kan a sì bọ́ sókè. Àgbẹ̀ a gbin nǹkan sí i, kò sì ní rí nǹkan kan kórè dáadáa ní ọdún àkọ́kọ́, àfi bó bá rí ìyẹ̀fun òkúta ẹfun láti fi dín kíkan ilẹ̀ kù, tó sì rí ìgbẹ́ ẹran púpọ̀ láti fi dá ọ̀rá padà. Ẹni tó ní màlúù rí èyí ṣe. Ẹni tí kò ní, ìpele rẹ̀ kò wúlò fún un. Ètò tí ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2006 láti máa fún ìdílé tálákà ní màlúù kọ̀ọ̀kan wúlò níbi yìí, nítorí kì í ṣe wàrà nìkan ni màlúù ń fúnni. Bákan náà, irúgbìn kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbìn rọ́pò àgbékalẹ̀ àtijọ́, níbi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀wà, ọ̀dùnkún àti ọkà bàbà ti máa ń jọ wà lórí ilẹ̀ kan náà. Nínú ti àtijọ́, bí a bá kórè ọ̀kan, òmíràn ṣì wà tó bo ilẹ̀. Nínú ti ìsinsìnyí, bí wọ́n bá kórè tán, ilẹ̀ a wà ní ìhòòhò de òjò.

Àwọn baba wa mọ èyí náà. Kì í ṣe àìmọ̀kan ló mú kí wọ́n máa gbin ẹ̀gúsí sáàárín iṣu àti àgbàdo. Ẹ̀gúsí a ràn, a bo ilẹ̀, òjò kò ní rí ojú ilẹ̀ nà. Bí oko ńlá bá wá gbin àgbàdo nìkan ní ilà gbọọrọ láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, aṣọ ni wọ́n bọ́ lára ilẹ̀ yẹn.

Ní báyìí, ta ni yóò san gbèsè rẹ̀? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹbí onílẹ̀ nìyí. Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Ó gba ìjọba ìbílẹ̀ láàyè láti fúnni ní ilẹ̀ oko tó tó 500 hẹ́kítà lẹ́ẹ̀kan. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, òfin náà sọ ohun tí wọ́n máa san owó lé lórí: irúgbìn tó wà nílẹ̀, ilé àti ohun tí ènìyàn kọ́ síbẹ̀, àti iye owó ilẹ̀ tó san lọ́dún náà. Wọ́n á ka igi kòkó, wọ́n á ka igi ọ̀pẹ. Kò sí ẹni tó máa ka ilẹ̀ dúdú. Bí ilẹ̀ tó ní ọ̀rá bá sì padà di yangí lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a kò rí ibi tí òfin náà ti ní kí ẹnikẹ́ni san owó lé e. Ẹbí tó yá ilẹ̀ fún ilé iṣẹ́ yóò gba ilẹ̀ padà ní iye hẹ́kítà tó fi sílẹ̀, pépépé. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kò ní pé.

Lójú tiwa, èyí kò bójú mu. A kò ní kí ìjọba má da oko pọ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé níbi tí oko bá ti wà lórí òkè, kí ìlànà nípa ilẹ̀ wà nínú ìwé àdéhùn, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. A sì fẹ́ dárúkọ ohun márùn-ún.

Èkíní, kí ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wọn bí òkè ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó kí wọ́n tó fi ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ibi tó bá dagẹ̀rẹ̀ jù, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú oko tí wọn yóò máa tú. Kòkó, obì, ọsàn àti igi gẹdú ló yẹ ibẹ̀, nítorí pé wọ́n ń fi ewé bo ilẹ̀ yí ọdún po.

Èkejì, kí ààlà orí ìwé yí padà, ṣùgbọ́n kí ààlà orí ilẹ̀ dúró. Pèrègún àti òkúta tó wà ní ìbú òkè, kí katakata máa ṣiṣẹ́ láàárín wọn. Ibi tí kò bá sí, kí wọ́n gbin koríko tó ní gbòǹgbò jíjìn síbẹ̀. Kí gbogbo ebè sì dábùú òkè, kó má dojú kọ ìsàlẹ̀.

Ẹ̀kẹta, bí wọ́n bá fẹ́ ṣán igbó, kí wọ́n má fi abẹ katapílà họ ilẹ̀ dúdú mọ́ igi, kí wọ́n wá kó o dànù sétí oko. Bí wọ́n bá ń gbẹ́ ìpele, kí wọ́n kọ́kọ́ kó ilẹ̀ dúdú sọ́tọ̀, kí wọ́n dá a padà sókè nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí wọ́n sì la ọ̀nà tí omi yóò gbà jáde.

Ẹ̀kẹrin, kí ilẹ̀ má wà ní ìhòòhò. Kí wọ́n fi pòròpórò àgbàdo sílẹ̀ lẹ́yìn ìkórè dípò kí wọ́n dáná sun ún. Kí wọ́n gbin ẹ̀wà tàbí ẹ̀gúsí sáàárín. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ń rùn káàkiri ẹ̀yìn àwọn ilé ìsìn adìyẹ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ògùn, oúnjẹ ni fún ilẹ̀ òkè, bí ètò bá wà láti gbé e débẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, tó sì ṣe pàtàkì jù, kí wọ́n yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tún yẹ ẹ́ wò ní ọdún kẹta, ìkarùn-ún àti ìkẹwàá. Kí wọ́n wọn bí ilẹ̀ dúdú ṣe nípọn tó, bó ṣe kan tó, àti bí ọ̀rá rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Kí èsì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba, kó wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, kó sì wà lọ́wọ́ ẹbí onílẹ̀ náà. Bí ilẹ̀ bá bàjẹ́ ju bí wọ́n ṣe fohùn ṣọ̀kan lọ, kí ẹni tó bà á jẹ́ san owó tí a ó fi tún un ṣe. Àwọn fásitì tó ń kọ́ni ní ètò ọ̀gbìn wà nítòsí wa, ní Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀, Àkúrẹ́, Abẹ́òkúta àti Adó-Èkìtì. Iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe ni.

Àwọn kan lè sọ pé gbogbo èyí yóò lé àwọn olówó lọ. A kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ jókòó ti ilẹ̀ fún ogún ọdún yóò fẹ́ kí ilẹ̀ náà ṣì máa so lọ́dún ogún. Ẹni tí irú àdéhùn yìí bá lé lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọdún márùn-ún ló fẹ́ jẹ, kó sì fi yangí sílẹ̀ fún wa. Kó máa lọ.

Ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin baálẹ̀ àti olórí ẹbí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ. Kí ẹ tó tẹ ìka sínú ìwé, ẹ béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ààlà. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ wò, kí ẹ wọn ilẹ̀ dúdú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí. Ọ̀pá ìwọ̀n kò wọ́n. Bí ó bá di ọjọ́ tí àwọn ọmọ yín yóò gba ilẹ̀ náà padà, ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ ni wọn yóò fi sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà ní ekòló tó bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu fún un. Oko ńlá tó bá fẹ́ ṣe rere lórí òkè wa gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ júbà ilẹ̀. Kò pọn dandan kí pèrègún tí baba wa gbìn di ìdíwọ́ fún ìtẹ̀síwájú. Kí ìjọba ní kí awakọ̀ katakata yà fún un.